Orúnkún Tí Wọ́n Ní Kò Lágbára

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé orúnkún àwọn ọmọ mi kò lágbára. Wọ́n tún wá fi bíró pupa fa ìlà sí i nídìí, bí ẹni pé ojú ń dùn mí. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn nígbà tí mo ń rẹ́ ilá lọ́wọ́, mo máa ń fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ni, kí n má baà gé ara mi níka. Orúnkún ta ni kò lágbára? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó bá mi bínú.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Bódìjà. Pápá wa kò tóbi. Ògiri ló pààlà àwa àti ojú títì tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó iṣu àti ẹ̀wà lọ sọ́jà ń gbà, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fọn fèrè, hóònù ọkọ̀ á gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló ń sáré fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Móníyà ló ti ń wá lójoojúmọ́. Á wọ bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé pápá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Igba mítà ni eré tirẹ̀. Bó bá ti já kọ́nà tó dojú kọ ìlà ìparí, àwọn tó ń ta gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri á dìde dúró wò ó. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá. Ọmọ tí wọ́n bá mú síbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò máa sùn, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, ibẹ̀ náà ni yóò ti kàwé jáde, àwọn òbí rẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, wọn kì í gbà á mọ́. Ọmọ Móníyà yìí ti pé mẹ́rìndínlógún. Ọdún yẹn nìkan ló kù fún un.

Bàbá rẹ̀ wá bá mi nígbà tí ilé-ìwé wọlé. Ará Ṣakí ni, ó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìn Móníyà, ó wọ jalabíà, ó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn tíṣà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí. Ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ẹsẹ̀ ọmọ yìí. Bí wọ́n bá mú un, kó máa lọ, mo fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá mú un, tí táàmù yìí bá ti parí, ó di Ṣakí lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Apá mi ò ká owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ mọ́." Kò pariwo, kò sì bẹ̀ mí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé kí ó kà á sí pé ibùdó ti mú ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan nípa ara mi kí n tó tẹ̀ síwájú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nílé wa, bó o bá kọjá lára àgbà tó ò kúnlẹ̀, o ò ní jẹ oúnjẹ alẹ́. Mo gbé òfin yìí wá sórí pápá. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹni tó bá sáré kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, yóò fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá kúnlẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde títí àgbà yẹn á fi dá a lóhùn. Wọn ò fọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Àwọn òbí ń yìn mí. Ọ̀gá ilé-ìwé ń yìn mí. Èmi náà ń yin ara mi. Bí mo bá rí àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn tí wọ́n ń ré àgbà kọjá lójú ọ̀nà, mo máa ń yọ ṣùtì ni, màá ní àwọn tèmi ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ìgbà náà ni ọ̀mọ̀wé tó kọ ìwé orúnkún yẹn dé. Ẹ máa wò ó pé mi ò pè é ní "wọ́n". Àgbàlagbà ni, ó tó bí mi, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó dé fìlà búlúù, ó gbé kọ̀ǹpútà há abíyá. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí lórí eré sísá àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ní Ìbàdàn, àti pé èsì ìwádìí òun ni ibùdó yẹn yóò wò kí wọ́n tó mú ọmọ. Àwọn ọmọ mi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bẹ́ sílẹ̀ lórí orúnkún lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ káàárọ̀ sà!" Ó rẹ́rìn-ín títí eyín fi tán síta. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Irú ọmọ báyìí ti wọ́n." Inú mi dùn bí kí n fò.

Ó gbé ẹ̀rọ kékeré mẹ́rin wá, ó fi wọ́n sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó tò wọ́n yí pápá ká ní àádọ́ta mítà síra wọn. Bí ọmọ bá sáré kọjá níwájú ọ̀kan, ẹ̀rọ á fi àkókò rẹ̀ ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tó kẹ́yìn wà ní ìlà ìparí. Wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò gùn, nítorí náà ó gbé àga oníke síbi ẹ̀rọ yẹn gan-an, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Èmi wà lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń gbéra, mò ń fọn fèrè, mò ń ní kí wọ́n máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin la fi ṣe é. Láti ibi tí mo wà, ẹ̀yìn wọn nìkan ni mò ń rí títí wọ́n á fi já kọ́nà, igi dóńgóyárò á sì bò wọ́n mọ́ mi lójú.

Èsì dé lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa gbé ìwé náà lọ sórí àpèjọ àárọ̀. Wọ́n kà á, ojú wọn le. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa wa. Ìdajì àwọn eléré wa ló wà nísàlẹ̀ ìpíndọ́gba ara wọn! Ìdajì! Ìtìjú gbáà ni! Ní táàmù tó ń bọ̀, gbogbo yín pátá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà lókè ìpíndọ́gba! Kò gbọdọ̀ ku ẹnì kan nísàlẹ̀!" Gbogbo ọmọ pàtẹ́wọ́. Tíṣà ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó fi áńkáṣífù bo ẹnu, ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé eruku ni. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo gba ìwé náà sọ́wọ́ ni mo tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n kọ ọ́ pé iye kan báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ni eré àwọn ọmọ wa fi ń dínkù ní àádọ́ta mítà tó kẹ́yìn, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé kankan mìíràn. Mo figbe ta nínú yàrá àwọn tíṣà. "Ọgọ́rùn-ún wo? Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo ní! Níbo ló ti rí ọgọ́rùn-ún ọmọ? Àbí ó ka àwọn tó ń ta gúgúrú mọ́ wọn ni?" Tíṣà ìṣirò ní kí n jókòó kí òun ṣàlàyé. Mo ní kó lọ wá ikọ́ rẹ̀ tọ́jú. Mo ṣí ojú ewé kejì, ibẹ̀ ni bíró pupa wà. Orúnkún àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí kò lágbára, kì í gbé wọn dé òpin. Bóyá oúnjẹ wọn ni kò tó. Kí wọ́n máa jẹ ẹ̀wà àti ẹyin, kí wọ́n sì máa ṣe eré tó ń mú orúnkún le. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, orúkọ àwọn tí ibùdó mú jáde lórí Wòsáàpù. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọmọ mi kò sí níbẹ̀.

Mo pe ibùdó lórí fóònù. Mo ní èmi fúnra mi ní aago tí mo fi ń wọn eré ọmọ yìí, pé kí wọ́n wá wo ìwé mi. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní ẹ̀rọ ọ̀mọ̀wé ju aago ọwọ́ mi lọ. Ó tún ní ẹnu ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni àwọn máa tó ti ilẹ̀kùn, pé bí ọ̀mọ̀wé bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, àwọn á gbọ́.

Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀ mi. Mo gba ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn gbọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń mú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí orúnkún wọn lè le. Ọmọ Móníyà ń fò, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo tún fowó ara mi ra ẹyin. Lópin ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé aago mi jáde, mo wọn eré rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn kíláàsì lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí mo ti máa ń wọn ọ́n, ó sáré bí ó ti máa ń sáré. Nígbà náà ni mo wá mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọmọ yìí. Orí mi gbóná. Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá, mo wọ tasí dé Dùgbẹ̀, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ring Road níbi tí ọ́fíìsì ọ̀mọ̀wé yẹn wà. Gbogbo èébú tí mo fẹ́ bú u ni mò ń tò lẹ́nu bọ̀ nínú ọkọ̀, tí awakọ̀ fi ń yọjú wò mí nínú dígí. Ó ní, "Màmá, ṣé kò sí?" Mo ní kó máa wakọ̀ rẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ wọlé láìkàn án. Kí ẹnu mi tó là, orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Ẹ káàsán sà." Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà, kò gbójú sókè. Mo dúró lórí orúnkún. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dé ibi tó fẹ́ dé, kó tó ní, "Ẹ káàsán, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ dìde." Nígbà tí mo fi dìde, ìdajì èébú tí mo tò ti fọ́n ká.

Síbẹ̀ mo fi ìdajì tó kù bú u. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ba ayé ọmọ yìí jẹ́. Orúnkún wo lẹ rí? Ṣé ẹ fọwọ́ kàn án ni?" Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi, ó fi ìlà kan hàn mí tó ń gòkè, tó ń gòkè, tó wá já wálẹ̀ lójijì lópin. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó fúnra yín. Gbogbo ọjọ́ Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibì kan náà. Ọmọ Móníyà yìí ló burú jù nínú wọn. Mi ò dá a sọ, bó ṣe jáde nìyẹn." Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kan náà lòun gbé lọ sí Agbowó àti Challenge. Mo ní a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Háà! Mo sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. Ó ní òun á padà wá wọn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè sinmi.

Ọjọ́rú ló wá. Ọmọ Móníyà nìkan ni mo mú jáde nínú kíláàsì. Ó to ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe tò wọ́n tẹ́lẹ̀, ó gbé àga rẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé fèrè fún tíṣà ìṣirò, mo ní kó lọ bá mi fọn ọ́n. Èmi lọ dúró sẹ́yìn àga. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí irọ́ náà wà.

Fèrè dún. Ọmọ náà gbéra. Ó já kọ́nà, ó yọ lẹ́yìn igi dóńgóyárò, ó ń bọ̀ tààrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ pé ó ń kanlẹ̀. Mo fẹ́ pariwo ayọ̀. Ó wá ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ kúrò lórí ìlà, ó bọ́ sára àgbàlagbà tó jókòó. Eré rẹ̀ rọ̀. Ó dé iwájú àga, ó kù díẹ̀ kó kọjá ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàárọ̀ mà."

Ọ̀mọ̀wé tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́." Nígbà náà ni ọmọ dìde, tó kọjá ìlà. Ẹ̀rọ ké pí. Ọ̀mọ̀wé yíjú sí mi. Ó ní, "Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ibi tó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ gan-an nìyẹn."

Mo wo ọmọ, mo wo àga. Mo wá ní, "Kò rẹ̀ ẹ́, sà. Ó ń kí yín ni."

"Ó ń kí mi báwo?"

"Ó kúnlẹ̀ kí yín, ẹ̀yin náà sì dá a lóhùn. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lóhùn tán nísinsìnyí!"

Ó wo ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Àpá orúnkún méjì wà nínú iyẹ̀pẹ̀, ó hàn kedere. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tó fi dúró. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ ní a ò gbọdọ̀ kọjá lára àgbà." Mo ní lọ́jọ́ ìdíje ńkọ́, kì í ṣáà dúró. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ló máa ń di okùn ìparí mú lọ́jọ́ ìdíje, pé abẹ́ ìbòrí ni àwọn àgbà máa ń jókòó sí.

Mo ní kí ọ̀mọ̀wé lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Ó lọ, kò jiyàn. Mo ní kí ọmọ padà lọ sáré. Fèrè tún dún. Ó tún já kọ́nà bọ̀, mo tún ń wò ó, ó wá ku díẹ̀, mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò lórí ìlà tó bọ́ sára èmi. Yéè! Orúnkún rẹ̀ ti ń rọ̀. Mo ki eré mọ́lẹ̀. Èmi tó sanra tó báyìí, mo ká yẹ̀rì mi sókè, mo sá gba ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo fara pamọ́ bí ẹni tó jalè. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá fìrì, tí ẹ̀rọ sì ké pí. Nígbà tí a wò ó nínú kọ̀ǹpútà, àádọ́ta mítà tó kẹ́yìn yẹn ló yá jù nínú gbogbo eré rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo jókòó síbẹ̀." Mo bú u. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo sọ. Mo ní ọ̀mọ̀wé wo ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń kí i àti ẹni tó ń ṣubú. Mo ní ṣé wọn kì í kí i nílé ni. Ó dúró, ó gba gbogbo rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ ni pé èmi ni mo gbin ìkúnlẹ̀ yẹn sí ọmọ náà lára. Èmi ni mo ní kó má dìde títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ìbínú tí mò ń dà lé bàbá arúgbó yẹn lórí, èmi ni mo ni ín.

Ọ̀mọ̀wé kọ lẹ́tà sí ibùdó lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n fèsì kíákíá. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí àwọn fi rọ́pò rẹ̀ ti dé, ó ti gba bẹ́ẹ̀dì tó kù, kó wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo rán wọn létí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dá kò tíì pé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àyè ti kún. Mo ní lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ yìí yóò ti pé mẹ́tàdínlógún. Wọn ò fèsì mọ́. Nínú gbogbo rẹ̀, ìwé orúnkún yẹn ṣì ń káàkiri ìlú. Mo gbọ́ pé ilé-ìwé kan ní apá Ẹlẹ́yẹlé ti ń fún àwọn ọmọ wọn ní ẹ̀wà nítorí rẹ̀. Ọ̀gá wa náà ṣì ń dúró de ọjọ́ tí gbogbo wa máa wà lókè ìpíndọ́gba.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní Móníyà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní màá máa san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ó dúpẹ́ púpọ̀. Ó ní òun ti bá Ṣakí sọ̀rọ̀, àǹtí ti ra máṣíìnì sílẹ̀ de ọmọ, òun ò lè yẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé-ìwé, mo jókòó nìkan nínú yàrá àwọn tíṣà. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú báàgì, bọ́ọ̀sì ń dúró. Ọmọ náà wọlé, ó wá síwájú tábìlì mi, ó kúnlẹ̀.

"Mà, mo wá sọ fún yín pé mò ń lọ. Ẹ ṣeun mà."

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá a lóhùn, yóò dìde, yóò sì lọ. Bọ́ọ̀sì fọn hóònù. Bàbá rẹ̀ pè é láti ẹnu géètì, ó tún un pè. Ó yí orí síbẹ̀, ó tún yí i padà sọ́dọ̀ mi. Kò dìde. Mi ò tíì dáhùn.